Wíwò àti Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn baba ńlá Yorùbá yàn fún iṣẹ́ ojú àti fún iṣẹ́ oníṣègùn. Ẹni tí ó kọjú sí nǹkan, ó ń wò ó. Ẹni tí ó gbé àgbo kaná nítorí aláìsàn, ó ń wo aláìsàn náà. Nígbà tí ara aláìsàn bá sì dá tán, a ó ní a ti wò ó sàn, pé ó ti rí ìwòsàn. Kò sí àní-àní pé èdè tí ó so wíwò pọ̀ mọ́ sísàn báyìí ti fi òye kan pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wo aláìsàn kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ayé ti dé ibi tí a ti lè mú ọ̀kan kí a sì fi èkejì sílẹ̀. Ẹ̀rọ ti wà nísinsìnyí tí ó lè wo ọkàn inú àyà ènìyàn láì fi ọ̀bẹ kàn án, kí ó sì ya àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dé ibi gbogbo lára ọkàn náà. Ẹni tí a ya àwòrán ọkàn rẹ̀ sì lè padà sílé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí ó má sí ẹni tí yóò tún bèèrè rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni ìbéèrè yìí fi yẹ ní ríronú sí: bí a bá ti mọ àrùn tí ó fara pamọ́ sínú ọkàn ẹnìkan, gbèsè wo ni ìmọ̀ náà dì mọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ́rùn?

Ìlú Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire jẹ́ ibi tí a ti lè rí ìbéèrè náà kedere, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹni ńlá àti ẹni kékeré ti ń wo ara wọn láti òdìkejì ọ̀sà kan náà. Le Plateau ni àdúgbò àwọn ilé gogoro. Ibẹ̀ ni ààfin Ààrẹ wà. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti àwọn báǹkì kóra jọ sí. Ibẹ̀ náà ni kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́, tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1985, dúró sí. Ní òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a máa rọ́ wọ Le Plateau láti ibi gbogbo. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àdúgbò náà a dá. Afárá Houphouët-Boigny, tí a ṣí ní 1957, ni ó so ó pọ̀ mọ́ Treichville. Ní Treichville ni ilé ìwòsàn ọkàn tí ó lókìkí, Institut de Cardiologie d'Abidjan, wà láti ẹ̀wádún 1970 títí di òní. Ní Treichville yìí àti ní Adjamé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, títí tí èdè Faransé fi di ohun tí a ń gbọ́ ní ìgboro Èjìgbò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Abidjan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àjèjì fún ẹni tí ó mọ ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wà.

Ní Le Plateau ni àrùn ọkàn ti fi ara rẹ̀ han gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 2020. Amadou Gon Coulibaly, olórí àwọn mínísítà, wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba ní Ọjọ́rú náà nígbà tí ara rẹ̀ yí padà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì kú ní ẹni ọdún 61. Àwọn oníṣègùn ti fi ọkàn mìíràn rọ́pò tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 2012. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, ó tún padà lọ sí Paris kí wọ́n lè yẹ ara rẹ̀ wò. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ni ó tó padà sí Abidjan. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó lò lẹ́yìn ìpadàbọ̀ náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì ti yàn án láti oṣù Kẹta pé òun ni yóò du ipò Ààrẹ fún wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè wí pé, kí ni àǹfààní gbogbo wíwò náà? Ẹlòmíràn lè dá a lóhùn pé bí kì í bá ṣe wíwò, kò ní rí ọdún mẹ́jọ tí ó lò láti 2012. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dé ìdí ọ̀ràn. Kí a tó dé ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wo ọkàn, àti ohun tí ojú ẹ̀rọ lè rí.

Ọkàn jẹ́ ẹran tí kì í sinmi tọ̀sán tòru. Òun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gba àárín rẹ̀ kọjá ni òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹun. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó wé mọ́ ọn lára, àwọn ni wọ́n sì ń bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan wọ̀nyí, tí ó sì le, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a fún. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kọjá lè tó. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ó ń sáré, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní tó mọ́, àyà a sì máa dùn ún. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí àyà kì í dùn rárá, tí ó jẹ́ pé mímí tí kò délẹ̀ tàbí àárẹ̀ tí kò nídìí nìkan ni wọ́n ń rí.

Ọgbọ́n tí a fi ń rí irú àìtó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀. George de Hevesy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni ó fi hàn pé bí a bá fi ìwọ̀nba ohun tí ń tan ìtànṣán sínú nǹkan, a lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibi tí ojú kò dé. Nítorí iṣẹ́ náà ni ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Herrmann Blumgart ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sínú iṣan apá kan, ó sì ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi gbé e dé apá kejì. Ní 1937, Emilio Segrè àti Carlo Perrier rí èròjà tí a ń pè ní technetium ní ilẹ̀ Ítálì. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn èyí, Hal Anger ní California ṣe kámẹ́rà tí ó lè gba ìtànṣán tí ń jáde láti inú ara, kí ó sì sọ ọ́ di àwòrán. Technetium yìí ni a ń lò jù lọ lónìí. A ó pò ó pọ̀ mọ́ oògùn kan tí ẹran ọkàn ń fà mọ́ra, a ó sì fi abẹ́rẹ́ fún aláìsàn lápá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé dáadáa lára ọkàn yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀, yóò sì mọ́lẹ̀ nínú àwòrán; ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé tó yóò ṣókùnkùn.

Àwòrán méjì ni a máa ń fi wé ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ìgbà tí ọkàn wà ní ìsinmi. Èkejì jẹ́ ti ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ líle, bóyá nípa pé aláìsàn rìn kíákíá lórí ẹ̀rọ tí ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí nípa oògùn tí ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àrùn là gbòòrò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọ̀pá omi agboolé ńlá kan bá ti dípẹtà, tí ẹnìkan ṣoṣo sì ṣí ẹ̀rọ omi ní òru, omi yóò dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀pá náà. Nígbà tí gbogbo ilé bá ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà ní òwúrọ̀ ni ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun yóò tó mọ̀ pé ọ̀nà omi ti fún. Bákan náà ni ọkàn rí. Ìsinmi a máa bo àìlera mọ́lẹ̀. Ẹrù ni ó ń tú u síta.

Bí ibì kan bá ṣókùnkùn nínú àwòrán méjèèjì, a lè rò pé ẹran ibẹ̀ ti kú, ó ti di àpá. Bí ó bá mọ́lẹ̀ ní ìsinmi tí ó sì ṣókùnkùn lábẹ́ ẹrù, ẹran ibẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa á. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó ti kú àti èyí tí ebi ń pa ni ọlá ńlá àyẹ̀wò yìí. Ó ń sọ fún oníṣègùn bóyá ohun kan ṣì wà tí ó ṣeé gbà là. Ẹ jẹ́ kí a sì kíyè sí i pé kì í ṣe ìdáhùn lásán ni èyí. Ẹni tí a bá sọ fún pé ebi ń pa ẹnìkan nínú ilé kò lè sọ pé òun kàn gbọ́ ìròyìn ni.

Àwọn kan wà tí wọn yóò wí pé kí a má wo ohun tí a kò ní lè wò sàn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Bí a bá sọ fún ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Adjamé pé iṣan ọkàn rẹ̀ ti fún, tí owó tí a ó fi là á sì ju gbogbo ọjà tí ó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ lọ, wọn a ní ẹ̀rù nìkan ni a kó bá a. Lánàá, ó ń sùn, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀. Lónìí, gbogbo ìgbà tí àyà rẹ̀ bá lù ni yóò máa rò pé ikú ni ó kan ilẹ̀kùn. Wọn a tún ní àwọn àgbà kì í sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí fún aláìsàn lójú kan náà, àti pé àánú ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ìrònú yìí dúró lórí èrò kan tí kò tọ̀nà, èyí ni pé ọ̀bẹ nìkan ni ìwòsàn. Ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní ISCHEMIA, tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020, ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn aláìsàn 5,179 láti orílẹ̀-èdè 37 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé apá kan ọkàn wọn tó nígbà tí ọkàn bá ń ṣiṣẹ́. Ìdajì wọn ni a tètè gbé lọ kí a lè la iṣan ọkàn wọn tàbí kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ìdajì kejì ni a kọ́kọ́ fi oògùn àti ìyípadà ìgbé-ayé tọ́jú, tí a sì fi iṣẹ́ abẹ pamọ́ de ìgbà tí oògùn kò bá ràn án mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé àwọn tí a tètè gbé lọ bọ́ lọ́wọ́ ikú tàbí ìkọlù ọkàn ju àwọn yòókù lọ. Òótọ́ ni pé àwọn tí àyà ń dùn léraléra rí ìtura ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a la iṣan wọn. Òótọ́ náà ni pé ìwádìí yìí kò kan ẹni tí ìkọlù ọkàn ń bá jà lọ́wọ́, tàbí ẹni tí ìyá iṣan òsì ọkàn rẹ̀ ti fún: ọwọ́ tí ó yá ni ó ń gba irú wọn là. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, asipirín, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pípa sìgá tì àti rírìn déédéé jẹ́ ìtọ́jú tòótọ́. Nítorí náà, ìròyìn tí ìyá aláṣọ gbọ́ kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ó lè jẹ́ ìpè sí iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Bí kò bá tilẹ̀ sí oògùn kankan, ẹ̀tọ́ kan ṣì wà tí kò yẹ kí a fi àánú gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń lọ sí ìrìn àjò a máa di ẹrù rẹ̀. Gbèsè wà tí a ń san, ẹ̀jọ́ wà tí a ń parí, ọmọ wà tí a ń fi lé ẹni tí yóò tọ́ ọ lọ́wọ́, ọmọ-iṣẹ́ wà tí ó yẹ kí a dá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ pamọ́ fún aláìsàn ti fi àkókò rẹ̀ pamọ́ fún un pẹ̀lú. Bí a ó ti sọ ọ́, ìgbà tí a ó sọ ọ́, àti ẹni tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ ọ́, ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn àgbà ti wúlò. Kì í ṣe níbi pé kí a má sọ ọ́ rárá.

Àwọn mìíràn wà ní òdìkejì, tí wọ́n gbà pé bí ojú ẹ̀rọ bá ti lè rí i, kí ó rí i, kí a sì máa wo gbogbo ènìyàn ní ọdọọdún. Èyí náà kò dára. Èkíní, ìtànṣán kì í ṣe omi tútù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí tí a fi technetium ṣe a máa fún ara ní nǹkan bí 10 millisievert, nígbà tí èyí tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run ń fún ènìyàn lọ́dún kan jẹ́ 2.4 ní ìpíndọ́gba lágbàáyé. Ewu rẹ̀ kéré lára ẹni tí ó ní ìdí láti ṣe é. Lára ẹni tí kò ní ìdí, ewu lásán ni. Èkejì, àwòrán a máa ṣì ènìyàn lọ́nà. Ọyàn tàbí iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró lè ju òjìji sórí àwòrán ọkàn tí kò ní àrùn. Láàárín àwọn tí kò ní àmì àrùn kankan, irú òjìji bẹ́ẹ̀ a máa fa àyẹ̀wò mìíràn, àyẹ̀wò mìíràn náà a sì máa fa òmíràn tí ewu rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta sì ni pé, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀tá tí ń pa ọkàn jù lọ kì í ṣe èyí tí ó nílò kámẹ́rà kí a tó rí i. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti ṣàkíyèsí láti ẹ̀wádún 1960 àti 1970 pé ìkọlù ọkàn láti ọ̀dọ̀ iṣan tí ó fún ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀. Ìyípadà ti ń dé bí ènìyàn ti ń jókòó pẹ́ ní ọ́fíìsì, tí ọ̀rá àti iyọ̀ sì ń pọ̀ nínú oúnjẹ. Síbẹ̀, ìwádìí THESUS-HF tí a tẹ̀ jáde ní 2012, tí ó wo àwọn 1,006 tí ọkàn wọn kọ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa nǹkan bí 45 nínú 100 wọn. Iṣan tí ó fún kò fa tó 8 nínú 100. Ẹni tí ó bá ra kámẹ́rà olówó ńlá kí ó tó ra okùn tí a ń dì mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dà bí ẹni tí ó ń fi wúrà ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.

Níbo wá ni ọ̀nà tí ó tọ́ wà? Ó wà níbi tí àṣà àtijọ́ ti fi í sí. Ẹni tí ó tọ babaláwo lọ kì í gbọ́ ohun tí Ifá wí kí ó sì dìde láì bèèrè ohun tí a ó ṣe. Babaláwo tí ó bá sì sọ ohun tí odù wí, tí ó ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ láì yan ẹbọ, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó dán ọmọ wò, tí ó fi yẹ́ẹ̀rì pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, tí kò sì padà kọ́ ọmọ náà ní ohun tí kò mọ̀, ìtìjú ni ó fún ọmọ náà, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Àyẹ̀wò tí ó bá òtítọ́ mu ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ yóò yí ohun tí a ó ṣe lọ́la padà. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni a ó ṣe, ìbáà mọ́lẹ̀, ìbáà ṣókùnkùn, kí abẹ́rẹ́ dúró nínú àpótí rẹ̀.

Gbèsè yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Oníṣègùn ni ó jẹ ìkíní. Kí ó tó kọ ìwé àyẹ̀wò, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò ṣe bí èsì bá rí báyìí tàbí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì bá sì dé, ó yẹ kí ó jókòó ti aláìsàn. Ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣòwò ní Abidjan lè mọ Faransé tí a fi ń ná ọjà, kí ó má sì mọ Faransé tí a fi ń sọ̀rọ̀ iṣan ọkàn. Ìwé tí a tẹ̀ dáradára kò lè rọ́pò ògbufọ̀ tí yóò sọ ọ́ yé ènìyàn.

Aláìsàn ni ó jẹ ìkejì. Ẹni tí a fi ebi ọkàn rẹ̀ hàn án, tí ó sì padà sí ìdí sìgá rẹ̀, tí ó ń lo oògùn ní ọjọ́ tí àyà bá dùn ún nìkan, ti sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn di asán. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀; nítorí ẹni tí a kò bá retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ti kà sí òkú.

Àwọn aláṣẹ ni ó jẹ ìkẹta, tiwọn ni ó sì wúwo jù. Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní UCH ní 2006. Abidjan náà ní Institut de Médecine Nucléaire d'Abidjan. Ohun ìdùnnú ni èyí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà nìkan kò tó. Technetium jẹ́ ọrọ̀ tí kò ṣeé kó pamọ́. Ní wákàtí mẹ́fà, agbára rẹ̀ a dín kù dé ìdajì. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kò ní ku ju ìdá kan nínú 16 lọ. Molybdenum tí ó ń bí i a máa dín kù dé ìdajì ní nǹkan bí wákàtí 66. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ máa bá ọkọ̀ òfuurufú wọlé léraléra láti inú àwọn ilé-iṣẹ́ átọ́mù díẹ̀ tí ó wà láyé. Ọ̀kan nínú wọn ni SAFARI-1 ní Pelindaba ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1965. Nígbà tí èyí tí ó wà ní Chalk River ní Kánádà bàjẹ́ ní 2009, tí a sì tì í fún ọdún kan ó lé, àwọn aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni a sọ fún pé kí wọ́n dúró. Olówó kò lè ra èyí tí yóò lò lọ́dún tí ń bọ̀ kó sínú àpótí. Iná mànàmáná tí kò dúró déédéé, ọkọ̀ tí ó pẹ́ ní èbúté, òṣìṣẹ́ tí a kò kọ́: èyíkéyìí nínú wọn tó láti sọ ẹ̀rọ náà di igbá ọlọ́nà tí a gbé kọ́ ara ògiri. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wíwo ọkàn ẹnìkan ń gba ìfọkànsìn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní rí i láé.

Kò tó kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó wà ní òdìkejì afárá lè dé ìdí rẹ̀. Côte d'Ivoire ṣe òfin ètò ìlera gbogbogbòò ní 2014, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ènìyàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, pẹ̀lú 1,000 fáráńkì CFA lóṣù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀. A ó mọ̀ bóyá ilé ti dúró lórí ìpìlẹ̀ náà nígbà tí àkọ̀wé ní Le Plateau àti alágbàtà ní Treichville bá lè gbà àyẹ̀wò kan náà fún àrùn kan náà, kí wọ́n sì rí oògùn kan náà gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀wò dé ìhín kò ní sọ mọ́ pé asán ni wíwò tí a wo Amadou Gon Coulibaly. Láti 2012 sí 2020 ni ó fi gbé ọkàn tuntun kiri. Nínú ọdún wọ̀nyẹn ni ó di olórí àwọn mínísítà, ní oṣù Kínní ọdún 2017. Àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ikú tí ó dé lẹ́yìn ìtọ́jú kò sọ ìtọ́jú di irọ́. Kò sì yẹ kí a bínú pé a wo ẹnìkan dé òpin. Ohun tí ó yẹ kí ó dun ni ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wò.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú ọ̀ràn yìí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kámẹ́rà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun ni ó lè kọ́ ọmọ kí ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kígbe, pé àyà tí ń dun baba nígbà tí ó bá ń gun òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lásán, àti pé ìwé tí a gbà ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí. Òun náà ni ó lè kọ́ ọ pé ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ẹni tí ó ní i. Ẹran ọkàn tí ebi ń pa kò tíì kú. Ẹni tí ó bá rí i ni ó kàn láti gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí wíwò tó lè di ìwòsàn.